Alágbàfọ̀ Tó Fọ Ẹṣin Ẹnubodè

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ ná. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń fi etí kan gbọ́. Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ bí obìnrin kan ṣe fi ọṣẹ àti omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ ohun tí gbogbo ìlú gbà pé ayébáyé ló sọ ọ́ di dúdú, tí ẹ̀rù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí ẹ̀.

Ìlú àtijọ́ ni ìlú náà. Odi òkúta yí i ká bí ìgbànú. Nínú odi yẹn, àwọn òpópónà kan wà tó tóóró débi pé bí ẹni méjì bá pàdé, ọ̀kan gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn ti ògiri kí èkejì tó ráyè kọjá. Ilé ìṣọ́ gíga kan wà níbẹ̀ tí àtẹ̀gùn rẹ̀ lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Ṣùgbọ́n olórí gbogbo rẹ̀ ni ẹnubodè ńlá tó kọjú sí odò. Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ná! Òkúta gbè òkúta lẹ́yìn, òkúta ti òkúta léjìká, gbogbo wọn tẹ̀ bí ọrun ọdẹ lókè, kò sì sí ohunkóhun tó lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ìwúwo wọn gan-an ló mú wọn dúró. Ẹ yọ ẹyọ kan péré láàárín, gbogbo rẹ̀ á ya lulẹ̀. Àwọn tó kọ́ ọ ti di erùpẹ̀ tipẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ṣì ń bá òjò wọ̀yá ìjà.

Abẹ́ ọrun òkúta yìí, níbi tí òjò kì í dé, ni ẹṣin kan dúró sí. Òkúta ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ó jọ ẹṣin débi pé ajá ń gbó o. Ó dúdú bíi kóró iṣin, ó sì ń dán. Ọkùnrin kan ti wà lórí ẹ̀ nígbà kan rí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ohun tó gé e dànù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló kù, láti orúnkún sílẹ̀, wọ́n rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ikùn ẹṣin. Adúmáadán ni ará ìlú ń pè é. Bí ẹnì kan bá fẹ́ pàdé ẹnì kan, "Pàdé mi lábẹ́ Adúmáadán" ni wọ́n máa ń wí, kò sì sẹ́ni tó ń sọnù.

Inú odi yẹn ni wọ́n bí obìnrin tí mò ń sọ yìí sí. Ìyá ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà. Alágbàfọ̀ ni ìyá àgbà náà, òun náà sì di alágbàfọ̀. Ara odi ni wọ́n ń so okùn mọ́ tí wọ́n fi ń sá aṣọ, bó ṣe di pé ó mọ odi náà bí ẹni mowó nìyẹn. Ó mọ apá ibi tí oòrùn ti ń kọ́kọ́ yọjú, ibẹ̀ ni ti aṣọ funfun. Ó mọ ibi tí òjìji ilé ìṣọ́ ń sùn sí lọ́sàn-án, ibẹ̀ ni ti aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ máa ń ṣí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ka ìtàn ìlú nínú ìwé, òun ń kà á lára ibi tí aṣọ ti ń tètè gbẹ.

Ìfẹ́ yẹn kò kúrò lára rẹ̀ nígbà tó dàgbà. Bí àwọn àlejò bá dé, tí afinimọ̀nà kó wọn sẹ́yìn, á fi agbada ọṣẹ sílẹ̀, á lọ dúró lẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú ọwọ́ tútù, á máa tẹ́tí. Ohun tó gbọ́ lónìí, á lọ wò ó lọ́la. Bí wọ́n bá ní àmì ọta wà lára ilé ìṣọ́, á wá a kàn, á sì ti ìka bọ̀ ọ́. Ọkọ rẹ̀, tó ń tún rédíò ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, máa ń sọ pé òun ti mọ̀ pé ìyàwó òun ní àlè, pé òkúta ni àlè náà, kò sì lè sá lọ.

Nígbà tí bàbá tó ń ṣọ́ ẹnubodè fẹ̀yìn tì, tí iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ń wá ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀, ta ni wọ́n á tún mú? Òun ni. Àtọjọ́ náà ni orúkọ rẹ̀ ti di Ìyá Ẹnubodè. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́ ńlá náà, ó gbé e lé orí ìrọ̀rí.

Ọkọ rẹ̀ wò ó. "Ìyá wọn, kọ́kọ́rọ́ ló máa sùn síbẹ̀ ni, àbí èmi?"

"Ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, Bàbá wọn. Àyè gba gbogbo wa."

Ọ̀gá tó gbà á síṣẹ́, obìnrin onígíláàsì kan tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, kò ní kó ṣe ohun tó le. "Mà, ẹ máa gbálẹ̀, ẹ máa ṣílẹ̀kùn, ẹ máa tì í. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín: ẹ má fi nǹkan kan kan òkúta kankan láìsọ fún wa. Bó bá tilẹ̀ dọ̀tí, ẹ jẹ́ kó dọ̀tí." Ìyá Ẹnubodè ní ó ti yé òun. Ó yé e lóòótọ́. Orí ló yé, kò tíì yé ọwọ́.

Ọjọ́ Ajé ni ẹnubodè kì í gba àlejò. Ó dé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó gbálẹ̀ tán, ó gbójú sókè, ló bá rí i. Ẹyẹlé ti ṣu sí Adúmáadán láàárín iwájú orí, ó sì ti ṣàn dé imú.

"Ìwọ ẹyẹ yìí," ó pariwo sókè, "gbogbo ayé yìí, o ò ríbòmíì?"

Ẹyẹlé kò fèsì. Obìnrin náà yíjú kúrò, ó tún yíjú padà. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín: alágbàfọ̀ tó rí àbààwọ́n tó sì lè kọjá lára rẹ̀, kò tíì jẹ́ alágbàfọ̀ dénú. Ó ní ìgbẹ́ ẹyẹ nìkan lòun máa nù. Ìgbẹ́ ẹyẹ kì í ṣe òkúta. Ó po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ó mú síńgílẹ́ẹ̀tì ògbólógbòó kan tó ti fẹ̀ tó sì ti rọ̀, ó gun àpótí, ó nù ún.

Ìgbẹ́ ẹyẹ kúrò. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò dúdú.

Ojú ibi tó nù ti ṣí, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, àwọ̀ rẹ̀ dà bí yanrìn gbígbẹ. Adúmáadán wá di ẹṣin tó ní àmì níwájú orí. Ó tún un wò. Ó fi itọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti nu ògiri ilé yín rí, ẹ mọ ohun tó kàn. Ẹ nu ojú kan, ojú kan yẹn á wá tú àṣírí ìyókù. Ẹ ní kí ẹ nu etí rẹ̀ díẹ̀ kó lè bá a dọ́gba, ó ń fẹ̀ sí i ni. Ohun tí obìnrin wa ṣe gan-an nìyẹn. Ó ní òun á kàn fi aṣọ nù ún létí díẹ̀ kó má baà hàn. Iwájú orí mọ́ tán. Ó wá ku ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún mọ́, ti òsì ń wò ó. Ta ló lè fi ẹṣin sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ aláwọ̀ méjì? Ó nu òsì. Ọrùn tẹ̀lé e. Omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì dúdú bíi yíǹkì, ó dà á nù, ó tún bu òmíràn. Ó nu ẹ̀yìn, ó nu ikùn, ó nu ẹsẹ̀ ẹṣin, ó nu ẹsẹ̀ ọkùnrin aláìlórí náà. Ìgbà yẹn ló rí i pé ọkùnrin náà ò wọ bàtà, pé ó ní ìka ẹsẹ̀, pé gbogbo ìka náà ká mọ́ra bíi ti ẹni tó ń bẹ̀rù kó má ṣubú. Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, ijó ni ì bá jó. Lọ́jọ́ yẹn, kò ráyè ijó.

Ó ku ìrù nìkan nígbà tí apá rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí, ó rìn sẹ́yìn, ó wò ó látòkèdélẹ̀.

"Yéè! Mo gbé!"

Ẹṣin ràkọ̀ràkọ̀ kan, aláwọ̀ yanrìn, tó ní ìrù dúdú, ń wo òun náà.

Ó sáré lọ sílé, ó mú aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì tó tóbi jù, ó fi bo ẹṣin náà látorí délẹ̀, ó sì fi okùn aṣọ dì í nídìí. Ó ti ilẹ̀kùn ẹnubodè gbọin. Nígbà tó délé, kò lè fi nǹkan kan ẹnu.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" ọkọ rẹ̀ bi í. "Ṣé wọ́n jí ẹnubodè gbé ni?"

"Ì bá sàn kí wọ́n jí i."

Ló bá rọ́ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ẹyẹlé dé orí ìrù. Ẹ̀rín kọ́kọ́ fẹ́ bọ́ lẹ́nu ọkọ. Ìgbà tó rí omi lójú ìyàwó rẹ̀, ó gbé ẹ̀rín náà mì, ó fa àga sún mọ́ ọn.

"Ẹ pe ọ̀gá yín. Ṣebí ọjọ́rú ló ń bọ̀ wá wo ibẹ̀? Kó tó dé, ẹ ti sọ fún un."

"Kí n ní kí ni? 'Ẹ káàsán o, Mà, ọjọ́ orí ẹṣin yín ti bá gọ́tà lọ'?"

"Ìyá wọn, wọn ò ní pa yín. Bó pẹ́ bó yá, wọ́n á ní kí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Aṣọ ṣì ń dọ̀tí láyé, a ò ní kú sébi."

"Ta ló ń sọ tiṣẹ́?" Ó na ìka sí ọ̀nà odi. "Bàbá wọn, láti kékeré ni mo ti ń lé àwọn tó ń kọ orúkọ sára odi yẹn. Mo ti ta ọmọ ọlọ́mọ létí nítorí rẹ̀. Gbogbo ayé mi ni mo fi ń sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ba ibẹ̀ jẹ́. Ogun jà, kò bà á jẹ́. Ilẹ̀ mì, kò bà á jẹ́. Èmi tí mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo fi ọṣẹ bà á jẹ́."

Ọkọ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà ṣì dúdú lábẹ́ èékánná.

Ẹ̀rù kì í dá dé, ọgbọ́n burúkú ló máa ń mú lọ́wọ́ wá. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun fi máa mọ́, Ìyá Ẹnubodè ti gbìmọ̀ kan. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, bàtà dúdú ọkọ rẹ̀ wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń dán. Ó wò ó. Ó tún un wò. Kí ló tún dúdú, tó sì ń dán? Ìgbà tí àwọn àlejò fi máa dé, ó ti fi ìwé lẹ ilẹ̀kùn ẹnubodè pé iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, ó sì ti mú báàgì lọ́wọ́, ó ń yọ́ rìn bí olè lọ sọ́dọ̀ aránbàtà.

Abẹ́ ìbòrí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi ni aránbàtà ń jókòó sí. Ìṣó kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, síbẹ̀ ìṣó kò dí i lọ́wọ́ àtisọ̀rọ̀.

"Ìyá Ẹnubodè, ẹ káàárọ̀ o! Bàtà dà?"

"Kò sí bàtà." Ó wẹ̀yìn wò. "Pólíìṣì dúdú ni mo wá rà. Agolo ńlá."

Aránbàtà tutọ́ ìṣó sọ́wọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wá dé! Ọjọ́ wo ni mo ti ń retí yín. Mo ní ṣé ìyá yìí ò ní ra tiẹ̀ ni, àbí ó ti rí oníbàárà mìíì?"

"Tèmi bíi ti báwo?"

"Ti ẹnubodè yín náà ni. Ẹ̀yin lẹ ń ra agolo ńlá. Bàbá tó wà níbẹ̀ ṣáájú yín, oníbàárà mi àtàtà ni. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, á wá. Bí òjò bá dá, á tún wá. Mo máa ń sọ nílé pé bàbá yẹn fẹ́ràn bàtà ju èmi tí mò ń rán an lọ."

Bàbá náà yọ sí Ìyá Ẹnubodè lójú ọkàn: bó ṣe ń gbálẹ̀, bó ṣe ń ti ilẹ̀kùn, bó ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ sílé nírọ̀lẹ́. Ibi wíwọ́ ẹsẹ̀ yẹn ni ọkàn rẹ̀ dúró sí. Ó rọra béèrè bíi ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀:

"Bàtà wo?"

"Ìyá, ṣé èmi ni mo ń wo ẹsẹ̀ bàbá ni?"

"Ẹ̀yin aránbàtà ò wo ẹsẹ̀, ta ló máa wò ó? Sálúbàtà rọ́bà! Sálúbàtà rọ́bà aláwọ̀ ewé ni bàbá yẹn ń wọ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì! Kò ní bàtà kan láyé tó ń gba pólíìṣì!"

Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

"Háà," ni aránbàtà wí. "Kí ló wá ń kùn?"

Ṣùgbọ́n ẹni tó bi léèrè ti ń sáré lọ. "Ìyá! Pólíìṣì yín ńkọ́?"

"Ẹ gbé e pamọ́!"

Ẹ̀yìnkùlé ló ti bá bàbá náà, ó ń fi ife bomi rin àwọn òdòdó tó gbìn sínú agolo ọ̀dà. Sálúbàtà aláwọ̀ ewé wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ti tinrin bí ìwé. Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí i, èémí rẹ̀ kò tíì délẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi ń kun Adúmáadán?"

Bàbá wò ó bí ẹni tí wọ́n bi pé kí ni wọ́n fi ń bu omi mu. "Pólíìṣì ni. Kí ni ẹ̀yin fi ń kùn ún?"

"Mi ò fi nǹkan kan kùn ún!"

"Ẹ̀ẹ̀n! Ṣé ẹ ò rí agolo tí mo gbé sẹ́yìn ilẹ̀kùn fún yín ni?"

Obìnrin náà fọwọ́ borí. "Bàbá! Mo rò pé ẹ̀bùn ni. Bàtà ọkọ mi ni mo fi kùn."

"Agolo ńlá yẹn? Ẹsẹ̀ mélòó ni ọkọ yín ní?"

Ẹ̀rín kan bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn obìnrin yìí, kò sì mọ ibi tó ti máa dúró. Ó jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀ tí omi òdòdó fà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ rò ó wò náà! Ọjọ́ orí kọ́ ló ṣàn lọ sínú gọ́tà. Pólíìṣì bàtà ni! Àwọn àlejò tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá fọwọ́ pa ẹṣin náà, tí ọwọ́ wọn ń dúdú, tí wọ́n ń fi inú dídùn wí pé eruku ayébáyé ló ràn àwọn, pólíìṣì aránbàtà ni wọ́n ń gbé lọ sílé.

Nígbà tí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, bàbá ṣàlàyé. Ẹni tó ṣọ́ ẹnubodè ṣáájú rẹ̀ ló fà á lé e lọ́wọ́. Ó ní ẹṣin dúdú ni, pé dúdú rẹ̀ máa ń ṣí, kó máa tún un ṣe. Bàbá náà rò pé àṣẹ iléeṣẹ́ ni. Ó ṣeé ṣe kí ẹni yẹn náà ti rò pé ẹni tó ṣáájú òun ló gba àṣẹ náà. Báyìí ni wọ́n ṣe ń fà á lé ara wọn lọ́wọ́, tí kò sẹ́ni tó bi ẹnì kan.

Lójijì ni ojú bàbá yí padà. Ó gbé ife omi sílẹ̀. "Ìyá, àbí ohun tí kò dáa ni mo ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí?"

Obìnrin náà dẹ́kun ẹ̀rín. Kò tíì ronú débẹ̀. Bí pólíìṣì bá ti jẹ òkúta náà nínú ńkọ́? Bí ọṣẹ bá ti parí ohun tí pólíìṣì bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? "Mi ò mọ̀, Bàbá. Ọ̀la ni ọ̀gá ń bọ̀."

"Mo ń bá yín lọ," bàbá wí. "Ẹrù ẹni méjì, a kì í fi lé ẹnì kan lórí."

Ọjọ́rú, ọ̀gá dé pẹ̀lú báàgì léjìká àti gíláàsì tó fi okùn so mọ́ ọrùn. Ó bá àgbàlagbà méjì tí wọ́n dúró gbágbágbá bí ọmọ iléèwé tó fọ́ fèrèsé, ó sì bá ohun ńlá kan tí wọ́n fi aṣọ olódòdó bò.

"Ẹ káàárọ̀, Mà. Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹṣin ò tíì jí ni?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá Ẹnubodè tú okùn, ó fa aṣọ náà, aṣọ sì bọ́ sílẹ̀ wọ̀ọ̀.

Ẹyẹlé ń ké lókè. Ọ̀gá gbé gíláàsì sójú, ó sún mọ́ ọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan ọrùn ẹṣin. Ó yí i po lẹ́ẹ̀kan, ó yí i po lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ wà nílẹ̀ gan-an.

"Kí lẹ fi fọ̀ ọ́?"

"Omi ni, Mà. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ."

"Ọṣẹ wo?"

"Ọṣẹ tí mo fi ń fọ aṣọ ọmọ jòjòló."

"Ẹ ò da omi tó ń sọ aṣọ di funfun sí i?"

"Ká má rí i! Ìyẹn ń jẹ aṣọ!"

"Búrọ́ọ̀ṣì onírin ńkọ́? Òkúta? Yanrìn?"

"Síńgílẹ́ẹ̀tì ọkọ mi ni, Mà. Ògbólógbòó. Ó rọ̀ ju ètè lọ."

Ọ̀gá wá ibi àtẹ̀gùn, ó jókòó, báàgì rẹ̀ sì yọ́ bọ́ léjìká. "Mà, ẹ ò ní pa mí. Ká ní ẹ da omi yẹn sí i ni, ìbá ti jẹ ojú ẹ̀ lọ báyìí. Kò síbi tó jẹ. Kò síbi tó họ. Ojú irin ẹni tó gbẹ́ ẹ ṣì wà lára ẹ̀, ẹ wò ó níbẹ̀ yẹn." Ó gbójú sókè. "Ṣùgbọ́n kí ni dúdú yẹn?"

Bàbá gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀, láìfi ọ̀kan pamọ́, ó sì fi kún un pé bó bá jẹ́ pé wọ́n máa bá ẹnì kan wí, òun ni kí wọ́n bá wí, nítorí òun ló ra agolo.

"Pólíìṣì," ọ̀gá wí.

"Pólíìṣì ni, ọmọ mi."

"Pólíìṣì bàtà!" Ó bọ́ gíláàsì kúrò, ó fọwọ́ nu ojú, èjìká rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé ẹkún ló ń sun. Ẹ̀rín ni! "Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ pé kò sí òkúta dúdú ní gbogbo agbègbè yìí? A ti wá a, a ti wá a! Mo ti gun òkè gbogbo tó wà yíká ìlú yìí, mò ń wá ibi tí wọ́n ti gé ẹṣin yín. Orúnkún mi ò tíì padà bọ̀ sípò! Àṣé òkúta kan náà ni òun àti odi, àṣé ó wà nílé látọjọ́ yìí!"

Wọ́n wá rẹ́rìn-ín, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohùn wọn ń gbá orí ọrun òkúta, ó ń padà wá bá wọn. Àwọn ẹyẹlé fò kúrò nítorí ariwo.

Ọ̀gá bá wọn wí lẹ́yìn náà o, ẹ má rò pé kò bá wọn wí. Ó ní orí ló bá Ìyá Ẹnubodè ṣe é, pé lọ́jọ́ mìíràn, bí ẹyẹlé bá tilẹ̀ kọ́ ilé sórí ẹṣin náà, fóònù ni kó gbé kó tó gbé aṣọ ìnulẹ̀. Obìnrin náà ní ó ti yé òun, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kí wọ́n lè rí i pé ó ti yé ọwọ́ náà. Ọ̀gá ní iṣẹ́ rẹ̀ wà bó ṣe wà, pé ta ni wọ́n tún fẹ́ mú wá tó máa bẹ̀rù fún ẹṣin òkúta tó báyẹn? Ó wá nawọ́ sí ẹ̀yìn ẹṣin.

"Ìrù yẹn, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Kí àwọn tó ń bọ̀ lè rí ohun tí a ti ṣe fún un. Bàbá, pólíìṣì ti tán o."

"Ó ti tán," bàbá wí. Ó wo sálúbàtà rẹ̀. "Ta ló máa wá sọ fún aránbàtà?"

Nígbà tí ọ̀gá lọ tán, tí bàbá náà wọ́ sálúbàtà rẹ̀ lọ sílé, Ìyá Ẹnubodè ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì sílẹ̀ gbayawu. Atẹ́gùn odò fẹ́ wọlé. Ó jókòó ti ẹsẹ̀ ẹṣin, ó nasẹ̀, ara rẹ̀ sì rọ̀ wọ̀ọ̀ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká kúrò lórí okùn. Kò ba nǹkan kan jẹ́. Ó tún un wí sókè kó lè gbọ́ ọ létí ara rẹ̀: "Mi ò ba nǹkan kan jẹ́." Ìgbà yẹn ló tó ráyè wo ìka ẹsẹ̀ ọkùnrin aláìlórí náà dáadáa. Ọdún gbọọrọ ni àwọn afinimọ̀nà ti ń pariwo pé jagunjagun tí ẹ̀rù kì í bà ni. Wọn ò tíì rí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ni! Ó ká a mọ́ ẹṣin lára bí ọmọ tó di ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ mú. Inú obìnrin náà dùn débi pé ó fọwọ́ bo ẹnu.

Àwọn ará ìlú ráhùn, kí a má parọ́. Àwọn kan ní ẹṣin náà ń ṣàìsàn. Aránbàtà ní wọ́n ti bọ́ ẹṣin sí ìhòòhò, ó sì bínú fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ọkọ Ìyá Ẹnubodè wá wò ó fúnra rẹ̀, ó yí i ká, ó ní ó jọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tó ń retí oúnjẹ. Nígbà tó yá, ojú wọn mọ́ ọn. Adúmáadán náà ni wọ́n ṣì ń pè é. Bí àlejò bá béèrè ìdí tí wọ́n fi ń pe ẹṣin ràkọ̀ràkọ̀ ní orúkọ yẹn, Ìyá Ẹnubodè á ti fa àpótí sún mọ́ ọn pé kó jókòó.

Mo ti sọ tèmi, ṣùgbọ́n ìròyìn ò tó àfojúbà. Ẹ lọ wò ó. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi lọ, kí ẹ sì gba ọ̀nà odò lọ láàárọ̀, nígbà tí oòrùn bá ń rọra gun orí odi bọ̀. Bí ẹ bá dé abẹ́ ọrun òkúta, ẹ dúró ná, ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ gbójú sókè wo bí òkúta ṣe ń di òkúta mú. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra tẹ̀síwájú, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ fi ojú ara yín wo ìka ẹsẹ̀ ọkùnrin náà. Ojú nìkan o! Ẹ fi ọwọ́ sápò.